ÈÉFÍN L'Ọ́WỌ̀, ERUKU L'Ọ́SẸ́: TA GAN-AN NI KÁ DÁ LẸ́BI?

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ l'Ákùrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, tó ní òun ń lọ s'Ọ́wọ̀, kó yáa mú aṣọ òtútù dání, kó sì mú hánkáṣíìfù mọ́ ọn. Ọyẹ́ ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe kékeré. Kí ọkọ̀ tó dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ètè á ti bó, imú á ti gbẹ. Oòrùn tó yẹ kó máa ta èèyàn lójú á kàn rí roboto lókè bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, téèyàn á máa wò ó láìṣẹ́jú. Kò ní í pẹ́ tí ikọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá tó wà lẹ́yìn á húkọ́, ọmọ tó gbé sẹ́sẹ̀ náà á húkọ́. Dẹ́rẹ́bà á yí gíláàsì sókè, á ní ọyẹ́ ni. Gbogbo èrò á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọyẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àbí ọ̀rọ̀ ò tíì bùṣe? Torí pé ọyẹ́ máa lọ, òjò máa rọ̀, ilẹ̀ máa tutù, síbẹ̀ ikọ́ ò ní í kúrò nínú àwọn ilé kan. Ọmọ tó ń húkọ́ nígbà ọyẹ́ á ṣì máa húkọ́ nígbà tí àgbàdo bá gbó. Ta la fẹ́ bá wí nígbà yẹn?

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì yìí, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ló wà lẹ́nu ibodè tí wọ́n fi ń ti ìpínlẹ̀ Oǹdó bọ́ sí Ẹdó. Ọ̀wọ̀ ni ìlú ńlá tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, Ìfọ́n sì ni ibùjókòó ìjọba Ọ̀sẹ́. Aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo làwọn méjèèjì jọ ń yàn lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣojú l'Ábùjá. Bí wọ́n ṣe jọ ń dìbò náà ni wọ́n jọ ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ọ̀hún, àti ẹni tó kó o síbẹ̀, ló yẹ ká wò dáadáa kí wọ́n tó máa na ẹni tí kò ṣẹ̀.

ẸNI ÀKỌ́KỌ́ TÍ WỌ́N MÚ: ỌYẸ́

Ká má purọ́, ọyẹ́ jẹ̀bi díẹ̀. Ibi kan wà lórílẹ̀-èdè Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Adágún omi ńlá ló wà níbẹ̀ láyé ijọ́un, omi ọ̀hún sì ti gbẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, tó ń gbé e kọjá Kano, kọjá Lọ́kọ́jà, títí tó fi máa dé orí páànù ilé l'Ọ́wọ̀. Kì í ṣe èèyàn ló dá a sílẹ̀, kò sì sí kóòtù tí wọ́n lè gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n eruku ju eruku lọ. Èyí tó tóbi, irun imú á mú un, ikun á gbé e, èèyàn á fọn ọ́n dànù. Èyí tó ń dẹ́rù bani lèyí tó kéré débi pé ojú ò lè rí i. PM2.5 làwọn onímọ̀ ń pè é, torí pé ìbú rẹ̀ ò ju máíkírọ́mítà 2.5 lọ. Téèyàn bá to nǹkan bí 25 nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n lè má ju ìbú irun orí ẹyọ kan lọ. Irú eléyìí kì í dúró nímú. Ó máa gba ọ̀fun kọjá, á lọ sísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn nínú rẹ̀ á sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ikọ́ nìkan ló ń fà. Àrùn ọkàn wà níbẹ̀, rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 2013, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fi afẹ́fẹ́ ìta tó dọ̀tí kún ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tó di 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ní kí ìwọ̀n irú eruku yìí má ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, tí wọ́n bá pín in káàkiri ọdún. Kékeré nìyẹn o. Ìlú tó ń bá a dọ́gba láyé yìí ò pọ̀.

Ohun tí dẹ́rẹ́bà yẹn ò sì mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ tójú ń rí ló jẹ́ oríṣi tó tóbi. Èéfín ló máa ń kún fún oríṣi tó kéré. Ohunkóhun tó bá ń jó, yálà igi ni o, epo ni o, táyà ni o, eruku tójú ò rí ló ń tú sáfẹ́fẹ́.

LÁTI ÙSÒ TÍTÍ DÉ Ọ̀NÀ ÌKÁRẸ́

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ọkọ̀ wa. Lẹ́yìn Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ọkọ̀ máa kan Ùsò, tó ti wà lábẹ́ Ọ̀wọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí wọ́n ṣe ń sungbó lọ́tùn-ún ni wọ́n ń sun ún lósì. Àgbẹ̀ ń palẹ̀ oko mọ́, ọdẹ ń wá òkété, ẹlòmíràn kàn sọ sìgá sílẹ̀ ni. Ewé tó ti jóná á máa fò wọnú ọkọ̀.

Tí wọ́n bá wọ ìlú tán, oríta ọ̀nà Ìkárẹ́ ló máa jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ìlú tó fara sin. Ọ̀nà Akurẹ́ pàdé ọ̀nà Ìkárẹ́, ọ̀nà Benin ń fà lọ sí apá Ìfọ́n, ọ̀nà Ìdó-Àní náà ń bẹ lọ́tọ̀. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń ti Èkó lọ sókè Ọya ń gba ibẹ̀, èyí tó ń kó iṣu àti ẹ̀wà bọ̀ náà ń gba ibẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ iná, èéfín dúdú á bo ẹni tó ń ta búrẹ́dì lójú títì, kò sì ní í kúrò níbẹ̀ torí pé ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń lọ, ọ̀kadà ń bọ̀, eruku ẹ̀bá títì ò sì ráàyè jókòó.

Ní apá Ọjà Ọba, tí iná bá lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń lọ ata á tanná, ẹni tó ń gẹrun á tanná, ẹni tó ń fọ́n fọ́tò á tanná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "áì bẹ́tà páàsì máì néíbọ̀" ló burú jù nínú wọn, torí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ ni, inú kan náà lọ́ìlì àti epo ti ń jó. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé e sí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yìí sì ni ojú fèrèsé ilé ẹlòmíràn.

Tílẹ̀ bá ń ṣú, pàǹtírí kù. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike, ewé, bàtà tó ti já, wọ́n á gbá gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n á ṣáná sí i. Níbi ìlagi, ìyẹ̀fun igi tí ayùn ń já sílẹ̀ á ti ga bí òkè, tí wọ́n bá ṣáná sí ìdí rẹ̀, ó lè máa rú wúyẹ́wúyẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìkú. Níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, àwọn tó ń fi táyà sun awọ pọ̀nmọ́ ò tíì tán nílẹ̀ Nàìjíríà.

Ẹ wò ó báyìí, ọ̀pọ̀ ẹni tó lè jẹ̀bi ti dé iwájú adájọ́: ọyẹ́, iná oko, ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀, pàǹtírí, ibi ìlagi, odò ẹran. Tí wọ́n bá ti pàdé lójú ọ̀run, èéfín kan ṣoṣo ni wọ́n dà. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ tẹni tó pọ̀ jù?

OHUN TÍ ILẸ̀ ÌGBÒ LÁJÁ FI KỌ́NI

Ìdáhùn ìbéèrè yìí sún mọ́ ààfin Ọlọ́wọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ààfin ọ̀hún, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè lọ́dún 2000, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀ wà nítòsí rẹ̀. Lọ́dún 1971, Ekpo Eyo, onímọ̀ tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́, gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìgbò Lájá, l'Ọ́wọ̀ níbẹ̀. Ó hú orí èèyàn tí wọ́n fi amọ̀ mọ, ó hú oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà. Èédú tó wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú wọn ni wọ́n fi mọ̀ pé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti wà níbẹ̀, láàárín 1400 sí 1500.

Báwo ni èédú ṣe sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀? Gbogbo igi tó bá wà láàyè ló ní oríṣi kábọ̀nù kan nínú, kábọ̀nù 14. Láti ọjọ́ tí igi bá ti kú ló ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá pé 5,730 ọdún, á ku ìdajì. Epo pẹtiróòlù àti dísù, láti ara ohun tó ti kú láti mílíọ̀nù-mílíọ̀nù ọdún ni wọ́n ti wá, kò sí ẹyọ kábọ̀nù 14 kan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Tí wọ́n bá gba èéfín ojú ọ̀run Ọ̀wọ̀ sórí bébà asẹ́, tí wọ́n wá wò ó bóyá kábọ̀nù 14 wà níbẹ̀, wọ́n á mọ èyí tó wá láti inú igi ìdáná àti iná oko, wọ́n á sì mọ èyí tó wá láti inú ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi mọ ọjọ́ orí ère Ìgbò Lájá náà ni.

Èyí tó rọrùn jùyẹn lọ tún wà. Ohun kọ̀ọ̀kan tó ń jó ló ń fi àmì ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ pé eérú èèpo kòkó ló ń mú un hó. Ohun tó wà nínú eérú yẹn ni pọtásíọ̀mù, inú èéfín igi náà ló sì máa ń pọ̀ sí. Eruku ilẹ̀ pupa, sílíkọ̀nù, alumíníọ̀mù àti irin ló ń fi hàn. Táyà tó ń jó ń tú síǹkì jáde. Ike tó ń jó máa ń fi kilorín-ìnì sílẹ̀. Òkúta ẹfun, kálísíọ̀mù. Onímọ̀ á wá fi ìṣirò tú gbogbo rẹ̀ ká, bí ìyá tó tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, tó sọ pé irú ti pọ̀ jù, iyọ̀ ò tó, ẹni tó sè é sì fi edé sí i.

Aago náà ń jẹ́rìí. Eruku tó wá láti Bodélé, Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n àti Akurẹ́ ló máa bò lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó bá lọ sókè lójijì ní aago méje alẹ́, tó sì jẹ́ àdúgbò kan ṣoṣo, ọyẹ́ kọ́ o. Iná ló lọ.

IṢẸ́ YÌÍ Ò JÌNNÀ SÍLÉ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Ifẹ̀ níbí, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ibùdó ìwádìí agbára kan tó ní ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára iná mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin-dín-lọ́gọ́rùn-ún fóòtì (1.7 mílíọ̀nù) ta ohun bíńtín lu eruku, tí eruku á sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Ifẹ̀ ti fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wo eruku ilé-iṣẹ́ kan tó ń yọ́ àlòkù irin lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, iṣẹ́ náà sì jáde lọ́dún 2015.

L'Ékòó, Báǹkì Àgbáyé ṣírò pé èèyàn bí 11,200 ni irú eruku yìí pa láìtọ́jọ́ lọ́dún 2018 nìkan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wá orísun rẹ̀, mẹ́ta ló yọ síwájú: ọkọ̀, ilé-iṣẹ́, àti jẹnẹrétọ̀. Ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda, Yunifásítì Makerere bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AirQo lọ́dún 2015. Wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn eruku, wọ́n ń gbé e kọ́ òpó, wọ́n tiẹ̀ ń so ó mọ́ ọ̀kadà kó máa wọn ìlú kiri.

Ẹni tó bá sì ń bi í pé kí ni ìlò rẹ̀, kó rántí Lọ́ńdọ̀nù. Nínú oṣù kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú bo ìlú ọ̀hún fún ọjọ́ márùn-ún, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ nìkan ló rú u. Ààrò inú ilé oníkálukú wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ lọ́dún 1956, tó kan ilé-iṣẹ́, tó sì kan ilé àwọn èèyàn náà. Tó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ nìkan ni wọ́n bá wí ni, èéfín ì bá ṣì wà níbẹ̀.

TÍ ỌKỌ̀ BÁ KỌRÍ SÍ Ọ̀SẸ́

Láti Ọ̀wọ̀, ọ̀nà Benin máa gba Elégbéka kọjá lọ sí Ìfọ́n. Awakọ̀ kì í fẹ́ dúró lójú ọ̀nà yẹn, torí ìròyìn àwọn ajínigbé tó ti ń jáde níbẹ̀ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Igbó ló pọ̀ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ńlá ò sí. Ẹni tó bá sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀ á rò pé afẹ́fẹ́ rere lòun bọ́ sí.

Kó dúró dìgbà tó bá dé ìdí agbada gaàrí. Ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìdílé l'Ọ́sẹ́. Wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á kù ú, ó wá kù kí wọ́n yan án. Lábẹ́ àtíbàbà tó rẹlẹ̀, obìnrin á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná láti àárọ̀ dọ̀sán, á máa fi igbá rò ó kó má baà jóná. Igi tó bá tutù ló ń rú jù, ojú á pọ́n, omijé á máa bọ́. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ìyá ń mí lọmọ ń mí. Ìyá yìí ò gbé ní títì, kò ní jẹnẹrétọ̀, ọ̀nà rẹ̀ ò gba oríta Ìkárẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Síbẹ̀ èéfín tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ju ti ẹni tó ń ta búrẹ́dì lójú títì Ọ̀wọ̀ lọ, torí iná tó sún mọ́ imú jù ló ń pani jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín inú ilé, ti igi àti èédú àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń dáná, pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta lé ní igba ẹgbẹ̀rún káàkiri ayé lọ́dún 2020. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà.

N'Íbàdàn, àwọn onímọ̀ mú aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan lára wọn ní sítóòfù tó ń lo ọtí ẹtanọ́ọ̀lù, wọ́n ní káwọn yòókù máa bá tiwọn lọ. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2017: ẹ̀jẹ̀ ríru ò ṣe àwọn tó yí sítóòfù padà tó bó ṣe ṣe àwọn yòókù. Sítóòfù lásán ni o, kì í ṣe oògùn.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn sọ pé àwọn obìnrin onígaàrí ló ba afẹ́fẹ́ Ọ̀sẹ́ jẹ́. Àwọn ni ó kọ́kọ́ ń pa. Ààrò tó ní ọ̀pá tó ń gbé èéfín sókè kúrò lójú ẹni tó ń yan gaàrí kì í ṣe ohun àrà, bíríkìlà abúlé lè mọ ọ́n. Àtíbàbà tí wọ́n gbé sókè díẹ̀, igi tí wọ́n sá gbẹ dáadáa, ọmọ tí wọ́n gbé jìnnà síná, gbogbo rẹ̀ ló ń dín in kù.

ÒKÚTA ẸFUN ÒKÈLÚSÈ

Ibi tọ́rọ̀ máa gbóná sí jù lọ́jọ́ iwájú ni Òkèlúsè, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ yìí kan náà. Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Níbikíbi tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá wà, ilé-iṣẹ́ lè dé lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ á wà fáwọn ọ̀dọ́, ọjà á tà, eruku náà ò sì ní í ṣàìwà.

Ẹ wá wo ibi tí ìṣòro wà. Ká ní ilé-iṣẹ́ dé, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, aráàlú á ní ilé-iṣẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ á ní ọyẹ́ ni, á tún ní iná oko ni, á ní àwọn onígaàrí ni. Ta ni yóò sọ pé irọ́ ló pa, tí kò bá sẹ́ni tó wọn afẹ́fẹ́ Òkèlúsè kí ilé-iṣẹ́ tó dé? Ẹni tí kò ka ewúrẹ́ rẹ̀ kó tó dà á sínú ọjà, kí ló fẹ́ fi jiyàn pé ó dín? Ọ̀wọ̀ ní pólí Rufus Giwa, ó ní Yunifásítì Achievers, ó sì ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC. Iṣẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé lè fi gboyè ni: kí wọ́n kọ́ bébà asẹ́ sí Òkèlúsè, sí Ìfọ́n, sí Ọjà Ọba, fún ọdún kan gbáko, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n kó o lọ s'Ífẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé, ìwé yẹn ni ẹlẹ́rìí wọn.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ tó ń padà s'Ákùrẹ́ á tún kún l'Ọ́wọ̀. Ìyá ọmọ yẹn á wọlé, ọmọ á ṣì máa húkọ́. Dẹ́rẹ́bà á tún fẹ́ sọ pé ọyẹ́ ni. Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ pé kí ló fi dáná láàárọ̀, kó sì bọ́ sílẹ̀ lọ wo ohun tó ń jáde lẹ́nu sálẹ́ńsà ọkọ̀ tirẹ̀.